Kárìà Ń Nà, Orí Mọ́tò Kò Nà

Mo fẹ́ bi àwọn tó ń ṣe mọ́tò lóde òní ní ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ni orí mọ́tò fi ṣẹ̀ yín tí ẹ fi fá a kodoro báyìí? Mọ́tò àtijọ́ ní ibi tí èèyàn lè dì mú. Ó ní gọ́tà tó gba etí òrùlé rẹ̀ kọjá láti iwájú dé ẹ̀yìn, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹrù lé e, á ti ẹsẹ̀ kárìà bọ inú gọ́tà yẹn, á fi bóòtù dè é, ó parí. Tòní ń dán gbinrin. Òjò kò rí ibi dúró sí, kárìà kò rí ibi tẹsẹ̀ bọ̀, èmi tí mo fowó ra mọ́tò kò rí ibi gbé iṣu sí.

Ẹni tó bá ti lé lógójì ọdún nílẹ̀ yìí mọ Peugeot 504 dáadáa. Ọdún 1968 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde nílẹ̀ Faransé, nígbà tó sì di 1975 wọ́n ti ń tò ó ní Kàdúná. Èyí tó gùn nídìí, tó ní ìlà ìjókòó mẹ́ta, òun ni ọba ọ̀nà jíjìn láyé ìgbà náà. Èrò kún inú rẹ̀, ẹrù kún orí rẹ̀: àpótí, apẹ̀rẹ̀, kẹ̀kẹ́, ewúrẹ́ tí wọ́n dè lẹ́sẹ̀ tó ń wo gbogbo ìlú tí wọ́n ń là kọjá. N kò sọ pé ó dára kí wọ́n dì í tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé nígbà tí wọ́n ń dì í, kárìà mọ ibi tí òun dúró sí. Gọ́tà wà lókè férémù ilẹ̀kùn gan-an, níbi tí irin ti nípọn. Ìwọ̀n ẹrù á gba orí òpó lọ sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, páànù àárín òrùlé kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé àlejò dé.

Láti bí ọdún 1980 síwájú ni àwọn tó ń ya mọ́tò ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé gọ́tà kúrò. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ ń kọ lù ú, ó ń pariwo, ó sì ń jẹ epo. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí gọ́tà wà, ẹsẹ̀ kárìà kan ṣoṣo lè bá ọ̀pọ̀ mọ́tò mu. Bí gọ́tà ṣe lọ, mọ́tò kọ̀ọ̀kan bá yan orí tirẹ̀ wáyé. Òmíràn gbé irin gígùn méjì sórí, tí ọwọ́ lè kọjá lábẹ́ rẹ̀. Òmíràn ní irin ọ̀hún, àmọ́ wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ òrùlé, ìka ọmọdé kò lè ráyè níbẹ̀. Òmíràn ní ihò bóòtù tí wọ́n fi ike bò, tí ẹni tó ni mọ́tò lè lò ó ọdún mẹ́wàá kó má mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Tèmi kò ní ọ̀kan nínú gbogbo rẹ̀. Orí pípá ni. Irú tèmi yìí, àfi kí wọ́n fi ìkọ́ gbá etí òrùlé mú níbi tí ilẹ̀kùn ń pa dé sí, ìkọ́ náà sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ bí etí mọ́tò yẹn gan-an ṣe tẹ̀. Tó bá fi díẹ̀ yàtọ̀, yálà ilẹ̀kùn kò ní pa dé mọ́ tàbí kárìà á bá yín pàdé níwájú lọ́jọ́ tí ẹ bá tẹ bíréèkì lójijì.

Àwọn kan ti mú ọ̀rọ̀ yìí sọ iṣẹ́ òòjọ́. Ilé iṣẹ́ kan wà ní Sweden tó ń jẹ́ Thule. Erik Thulin ló dá a sílẹ̀ ní 1942, ọjà tó sì fi bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe kárìà rárá. Ìgèrè ni, tí àwọn apẹja fi ń mú ẹja. Ó di 1962 kí wọ́n tó ṣe kárìà mọ́tò. Lónìí, irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń ta ọ̀pá ọ̀tọ̀, wọ́n ń ta ẹsẹ̀ ọ̀tọ̀, wọ́n sì ń ta ìkọ́ àti rọ́bà tó bá mọ́tò kọ̀ọ̀kan mu lọ́tọ̀. Ọjà wọn dára, n kò bá wọn jà. Àmọ́ nígbà tí mo ṣírò ọ̀pá, mo ṣírò ẹsẹ̀, mo ṣírò ìkọ́, tí mo sọ gbogbo rẹ̀ di náírà, ìgèrè yẹn ló sọ sí mi lọ́kàn.

Bí ọ̀rọ̀ mi ṣe dé iwájú wẹ́dà nìyẹn.

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ sọ pé kárìà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ń nà. “Bàbá Ìbejì, tí a bá pààrọ̀ mọ́tò lọ́la ńkọ́? Ṣé ẹ máa wá da irin olówó ńlá nù ni? Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é kó máa fẹ̀, kó máa sún kì, kó bá mọ́tò yòówù mu.” Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni, n kò sì rí èsì fọ̀. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ìyá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn ti gbọ́ nípa kárìà náà kí èmi baálé ilé tó gbọ́.

Olùkọ́ físíìsì ni mí. Ìyẹn ni pé mo wà lára àwọn tí gbogbo àdúgbò ń kí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í gbọ́ràn sí lẹ́nu. Mo jókòó lálẹ́, mo ya kárìà sórí ìwé. Ọ̀pá ìdábùú méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Páìpù mẹ́ta ló máa para pọ̀ di ọ̀pá kọ̀ọ̀kan: ńlá kan láàárín, kékeré méjì tó ń wọ inú rẹ̀ láti ọ̀tún àti láti òsì. Ibi tí wọ́n ti wọnú ara wọn kò gbọdọ̀ kúrú, torí ibẹ̀ ni ẹrù ti máa fẹ́ ṣẹ́ ẹ. Kí wọ́n jó nọ́ọ̀tì mọ́ ìhà páìpù ńlá, kí bóòtù gba inú nọ́ọ̀tì yẹn wọlé lọ tẹ páìpù kékeré mọ́ ògiri, kó má baà máa jó. Ẹsẹ̀ mẹ́rin tó ṣeé gbé sókè, tó ṣeé gbé sílẹ̀, pẹ̀lú rọ́bà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní kó lo páìpù tí ìhà rẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ, kó sì gbé e dúró lórí ìhà tóóró, torí gíga ni irin fi ń gba ẹrù, kì í ṣe fífẹ̀. Nísàlẹ̀ ìwé, mo kọ ọ́ gàdàgbà, mo sì fa ìlà pupa sí i nídìí: bí ọ̀pá bá gùn ní ìlọ́po méjì, tí ẹrù àárín rẹ̀ kò yí padà, títẹ̀ rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́jọ. Nínà ní ààlà.

Wẹ́dà fi ọwọ́ méjèèjì gba ìwé náà. Ó wò ó títí, ó mi orí, ó ní, “Dádì, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.” Lẹ́yìn náà ló fi nu gíríìsì ọwọ́ rẹ̀.

Páìpù tí mo ní kó gbé dúró, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ. Mo bi í léèrè. Ó ní, “Dádì, tó bá dùbúlẹ̀ báyìí, ẹrù á rí ibi jókòó dáadáa.” Ẹrù rí ibi jókòó lóòótọ́. Páìpù náà sì jókòó tì í.

Ti wíwọnú ara wọn tún wá le ju ìyẹn lọ. Ní ọjà páìpù, ìwọ̀n ìta ni wọ́n ń fi ta á, ẹnikẹ́ni kì í sọ ìwọ̀n inú fún ọ. Tí irin páìpù ńlá bá nípọn, kékeré kò ní wọlé. Tó bá sì fẹ́lẹ́, kékeré á wọlé, á máa gbọ̀n gbàngbàngbàn láti ilé dé ibi iṣẹ́. Tiwa gbọ̀n. Wẹ́dà gé agolo mílíkì, ó ká a, ó tẹ̀ ẹ́ bọ àárín páìpù méjèèjì kó lè fún. Kí n má parọ́, ọgbọ́n gidi ni ìyẹn, ó sì ṣiṣẹ́. Ó kàn jẹ́ pé bí mo bá dúró sí ibi iná pupa, àwọn ọmọ tó ń ta omi á máa ka orúkọ mílíkì lára kárìà mi. Bóòtù ńkọ́? Bóòtù tó wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ló lò. Ẹsẹ̀ iwájú ń fẹ́ sípánà 13, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń fẹ́ 14, èyí tó ń di páìpù mú ń fẹ́ 10, ọ̀kan sì wà lábẹ́ tó jẹ́ pé 17 ló gbà á, kò sì sí ẹni tó lè sọ ohun tí 17 wá ṣe níbẹ̀. Wọ́n ní kárìà tó ń nà. Tí mo bá fẹ́ nà án ní ìbú ọwọ́ kan péré, mo ní láti kọ́kọ́ lọ bẹ mẹkáníìkì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dùn mí jù. Lọ́jọ́ tí mo lọ gbé e, wẹ́dà ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní òun ti bá mi fi ẹ̀bùn kún un. Mo ní ẹ̀bùn wo? Ó ní, “Mo rí i pé ó ṣì ń mì díẹ̀ níbi tí wọ́n ti wọnú ara wọn, Dádì. Mo ti jó o pa. Kò ní mì mọ́ láé.”

Ó jó ojú ibi tó ń nà pa! Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kárìà tó ń nà, ó tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ́ di èyí tí kò nà, ó sì ń retí kí n dúpẹ́. Ó tún fi gíráńdà gé e, mo sì san owó gígé. Ẹ má bi mí nídìí tí mo fi san án. Ìgbà tí èèyàn bá ń bá ẹni tó di gíráńdà mú sọ̀rọ̀, ó yẹ kó mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ parí.

Kárìà dé orí mọ́tò. Ó ń nà, ó ń sún. Ìgbà náà ni ìyà mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Nínú ìwé tó máa ń bá mọ́tò wá, tí ọ̀pọ̀ wa kì í ṣí àfi tí a bá fẹ́ fi pa ẹ̀fọn, wọ́n máa ń kọ iye tí orí mọ́tò lè gbà. Fún ọ̀pọ̀ mọ́tò kékeré, ó máa ń wà láàárín kìlò 50 sí 100. Ti mọ́tò mi jẹ́ 75. Ìwọ̀n kárìà fúnra rẹ̀ sì wà nínú 75 yẹn, ẹ̀bùn kọ́. Irin tí wẹ́dà ilẹ̀ wa fi ń ṣe nǹkan, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ó fẹ́ kó pẹ́ ju ẹni tó rà á lọ. Mo gbé kárìà mi lé òṣùwọ̀n, ó wúwo tó kìlò 30. Ẹ yọ 30 kúrò nínú 75. Ohun tó kù ni 45. Àpò ìrẹsì kan jẹ́ 50. Àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ 50. Ìtumọ̀ èyí ni pé kárìà tí mo náwó sí, tí mo fi gbogbo alẹ́ yà, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé àpò ìrẹsì kan ṣoṣo.

Mo pe ìpàdé ẹbí, mo ṣàlàyé fún wọn. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà fa àga rọ̀gbọ̀kú wọn sún mọ́ iwájú. “Mọ́tò tó ń gbé àgbàlagbà márùn-ún, ìwọ ní kò lè gbé àpò ìrẹsì kan?” Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ìsàlẹ̀ ni èèyàn márùn-ún jókòó sí, lórí irin tí wọ́n fi ṣe egungun mọ́tò. Òkè yìí, páànù ni.” Wọ́n ní, “Páànù! Àwọn òyìnbó tí wọ́n ń pa àgọ́ sórí mọ́tò ńkọ́, tí tọkọtaya ń sùn nínú rẹ̀ mọ́jú? Mo wò ó lórí fóònù ọmọ mi.” Òótọ́ ni, irú àgọ́ bẹ́ẹ̀ wà. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, mọ́tò tiwọn dúró nígbà tí wọ́n ń sùn. Mọ́tò tó dúró lè gba ìlọ́po ìlọ́po ohun tí èyí tó ń rìn lè gbà. Tí mọ́tò bá ń rìn, tó kó sí kòtò, ẹrù á fò sókè, á tún já lulẹ̀ lé òrùlé lórí, ìwọ̀n rẹ̀ lásìkò yẹn kì í ṣe ìwọ̀n orí òṣùwọ̀n mọ́.” Ẹ̀gbọ́n mi fara balẹ̀ gbọ́ mi tán. Wọ́n ní, “Nítorí náà, tí o bá rọra ń wà á, ó lè gbé e.”

Kí ni kí n sọ? Ẹ̀kọ́ tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, gbólóhùn kan péré ni wọ́n fi pa á lẹ́nu mọ́.

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo sọ, ‘nà’ nìkan ni wọ́n gbọ́. Kárìà tó ń nà! Ìròyìn náà ti kọjá Mọ́níyà tí a ń gbé, ó ti wọ Ìsẹ́yìn kí ọjọ́ ìsinmi tó pé. Ní ọkàn àwọn èèyàn mi, bí páìpù bá ṣe ń gùn sí i ni orí mọ́tò ń gbòòrò sí i, tí ẹ́ńjìnnì ń lágbára sí i, tí epo ń pọ̀ sí i. Kí kárìà tó dé, wọ́n ń bi mí bóyá mo ráyè. Lẹ́yìn tó dé, wọ́n ń bi mí bóyá mo ti nà án. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú fẹ́ fi kó àga ike lọ síbi ìpàdé. Onílé mi ní táǹkì omi kan tí òun fẹ́ rà, “òfìfo ni, kò wúwo rárá.” Aládùúgbò kan tí ẹnu wa kò tíì pàdé láti ọjọ́ tí a ti jà lórí gọ́tà omi kan ilẹ̀kùn wa ní òwúrọ̀ Sátidé, ó kí mi kú àárọ̀ pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀, ó ní òun kàn wá wo kárìà náà ni. Fóòmù oníbẹ́ẹ̀dì ńlá wà lẹ́yìn rẹ̀, ó fi ara ti ògiri.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ fóòmù, torí gbogbo ayé rò pé òun ló rọrùn jù. Kò wúwo, òótọ́ ni. Ohun tó burú nínú rẹ̀ ni pé ó fẹ̀, ó sì fúyẹ́. Tí mọ́tò bá ti sáré díẹ̀, afẹ́fẹ́ á wọ abẹ́ rẹ̀ níwájú, á máa gbé e sókè. Èèyàn á wá rí ẹni tó jókòó lápá òsì, tó yọ ọwọ́ gba ojú fèrèsé, tó di etí fóòmù mú, tó gbà pé ọwọ́ òun ló mú un dúró. Ọwọ́ kì í di afẹ́fẹ́ lọ́nà. Okùn ló lè dì í, okùn náà kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ti ìdábùú nìkan: kí ó wá láti iwájú mọ́tò, kí ó sì lọ sí ẹ̀yìn, torí tí ẹ bá tẹ bíréèkì gan-an, ẹrù orí mọ́tò á fẹ́ máa bá ìrìn àjò tirẹ̀ lọ. Rọ́bà tí wọ́n gé lára túùbù táyà, tí gbogbo wa fẹ́ràn, dára láti fi kún un. Òun nìkan kò tó, ó ń nà. (Ẹ rí i? Gbogbo ohun tó ń nà ní ilẹ̀ yìí ti di ọ̀tá mi.)

Mo di fóòmù náà bó ṣe yẹ, ó sì dé ibi tó ń lọ. Kò sí ẹni tó kí mi kú iṣẹ́. Ẹni tó fi ọwọ́ dì í mú lójú fèrèsé ni wọ́n kí.

Ohun tó tún dé lẹ́yìn ìyẹn ni súfèé. Tí mo bá ti wọ ojú ọ̀nà tó dán, tí mọ́tò ń sáré, kárìà á bẹ̀rẹ̀ sí í sú fèé, gooro, ohùn kan náà láìmí. Àwọn ìbejì mi fẹ́ràn rẹ̀. Èmi kò fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tó ń fà á kò ṣòro: tí afẹ́fẹ́ bá gba ara ọ̀pá kọjá, á máa já síhìn-ín sọ́hùn-ún lẹ́yìn rẹ̀ létòlétò, ìjá náà ló ń di ohùn. Oògùn rẹ̀ ni kí èèyàn fi okùn yí ọ̀pá náà po ní ṣíṣẹ́yípo, kí àyè wà láàárín yíyí kan sí èkejì, kí afẹ́fẹ́ má lè já pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí èyí kan náà ni irin fi ń yí àwọn símínì gíga ilé iṣẹ́ ńlá po lókè. Mo ra okùn dúdú, mo yí i mọ́ ọ̀pá méjèèjì. Súfèé dákẹ́.

Àmọ́ ọjọ́ yẹn náà ni mo gbé igi pákó tó yọ díẹ̀ lẹ́yìn mọ́tò. Bí òfin ojú ọ̀nà ṣe wí, mo so aṣọ pupa mọ́ ìdí rẹ̀ kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí i. Nígbà tí mo já pákó sílẹ̀ tán, mo gbàgbé aṣọ pupa náà sára kárìà. Okùn dúdú tí wọ́n yí po, aṣọ pupa tó rọ̀ sílẹ̀, lórí mọ́tò ẹni tí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo rò pé ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ìyá tó ń ta àkàrà lójú ọ̀nà wa kò gba owó lọ́wọ́ mi tààrà mọ́. Ó ní kí n gbé e sórí tábìlì. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń wò mí lọ́nà kan tí ẹ̀rù fi bà mí fúnra mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ àṣetiléwá ń wọlé lásìkò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Alàgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Bùròdá, ohun tó wà lórí mọ́tò yín yẹn, ta ló ṣe é fún yín?” Mo ní, “Èmi fúnra mi ni, sà. Súfèé ló ń dá dúró.” Ó tú ọwọ́ mi sílẹ̀ kíá.

Mo yọ aṣọ pupa. N kò yọ okùn dúdú. Ẹni tó bá fẹ́ kí n yọ ọ́, kó wá bá mi jókòó nínú súfèé yẹn láti Mọ́níyà dé Ìsẹ́yìn, kìlómítà 65 gbáko.

Ọ̀rọ̀ epo rèé, mo sì fẹ́ kí àwọn tó ń sọ pé “ṣebí kárìà kò jẹun” gbọ́ ọ. Ó ń jẹun. Ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ epo àti agbára sọ pé àpótí ẹrù ńlá lórí mọ́tò máa ń dín ibi tí epo lè gbé mọ́tò dé kù ní ìdá 2 sí 8 nínú 100 láàárín ìlú, 6 sí 17 lójú títì, àti 10 sí 25 tí mọ́tò bá ń sáré tó nǹkan bíi kìlómítà 105 sí 120 ní wákàtí kan. Tí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń fa mọ́tò sẹ́yìn á di ìlọ́po mẹ́rin. Kárìà tí kò gbé nǹkan kan pàápàá ń jẹ tirẹ̀, bí kò tilẹ̀ tó ti àpótí. Nígbà tí epo wà ní owó àtijọ́, èèyàn lè gbójú kúrò. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, n kò lè gbójú kúrò lára afẹ́fẹ́ mọ́. Ó yẹ kí èèyàn máa tú kárìà sílẹ̀ nígbà tí kò bá ní ẹrù. Ẹ rántí pé sípánà mẹ́rin ló ń tú tèmi.

Àwọn kan sì wà lójú ọ̀nà, n kò dárúkọ aṣọ tí wọ́n wọ̀. Wọ́n dá mi dúró. Wọ́n yí mọ́tò po. Wọ́n bi mí bóyá kárìà yìí wà nínú ìwé mọ́tò. Mo ní kò sí ibi tí wọ́n ń kọ kárìà sí nínú ìwé mọ́tò. Ọ̀gá wọn ní, “Wọ́n ní ó ń nà. Nà á ká wò ó.” Mo tú bóòtù, mo nà án, nínú oòrùn. Gbogbo wọn dúró, wọ́n wò ó, wọ́n gbóríyìn fún wẹ́dà mi. Ọ̀gá náà wá ní bó ṣe nà yìí, ó ti kọjá etí mọ́tò, ẹ̀ṣẹ̀ sì ni.

Mo ti ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, mo sì ní ìmọ̀ràn fún ẹnikẹ́ni tó bá ń ya kárìà níbikíbi láyé, ìbáà jẹ́ ní Sweden, ìbáà jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Ọ̀jọ́ọ̀. Ẹ̀yin ń wá bí kárìà á ṣe máa fẹ̀. Fífẹ̀ kọ́ ni wàhálà wa. Ẹ bá wa ṣe èyí tó mọ bí wọ́n ṣe ń sún kì. Ẹ fi òṣùwọ̀n kékeré sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ó máa ka kìlò ẹrù, kí nọ́ńbà máa hàn gàgàrà níwájú, kí àna mi lè fi ojú ara rẹ̀ rí i. Tó bá sì ti di 45, kí agogo máa dún, kó má dákẹ́ títí wọ́n á fi sọ àpò èlùbọ́ kejì kalẹ̀. Torí èmi kò lè sọ ọ́. Ìyá ìyàwó mi dúró tì mí ní Ìsẹ́yìn pẹ̀lú iṣu, pẹ̀lú èlùbọ́, pẹ̀lú kọ́bọ́ọ̀dù onígi kan tí bàbá wọn ṣe, wọ́n ń ṣàdúrà fún mi bí mo ṣe ń dì í. “Ọkọ ọmọ mi, ẹrù kò ní wọ̀ ọ́ lọ́rùn o.” Mo ń dọ̀bálẹ̀, mo ń ṣe àmín, mo sì ń gbọ́ bí òrùlé mọ́tò ṣe ń ké kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́. Olùkọ́ físíìsì wo ló máa na ìka sí òṣùwọ̀n níwájú ìyá ìyàwó rẹ̀? Agogo lè ṣe é. Agogo kò ní àna.

Nígbà tó sú mi, mo lo ọpọlọ. Mo tú kárìà náà, bóòtù kan lẹ́yìn òmíràn, mo sì fà á lé àbúrò mi ọkùnrin lọ́wọ́. Mo ní ẹ̀bùn ni, kó máa lò ó, ó ń nà, ó ń sún, kò sí mọ́tò tí kò bá mu. Mo mọ ìdí tí mo fi yàn án. Àbúrò mi kò ní mọ́tò. Mo ti gbé kárìà sí ibi tí ẹrù kankan kò ti lè dé orí rẹ̀ mọ́, mo sùn dáadáa lóru ọjọ́ yẹn.

Ní Ọjọ́bọ̀, àbúrò mi pè mí lórí fóònù. Inú rẹ̀ dùn. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti gba iṣẹ́ o! Àwọn kan ní kí n bá àwọn kó àga àti kánópì lọ síbi òkú ní Ṣakí lọ́jọ́ Sátidé. Kárìà ti wà nílẹ̀, mo ti nà án. Mọ́tò ló kù. Aago mélòó ni kí n wá gbé e?”